Bertha Benz: Obìnrin Tó Ń Wá Omi Fún Ẹ́ńjìnnì Lójú Ọ̀nà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń wa ọkọ̀ ní London, Toronto tàbí Houston, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i rí kí abẹ́rẹ́ tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn sún dé ibi pupa. Ní ọdún 1888, kò sí mẹkáníìkì tí wọn ì bá pè, kò sì sí ilé epo. Ìtàn obìnrin tó wakọ̀ rin ìrìn àjò gígùn nígbà náà la mú wá lónìí.

Ìlú Pforzheim ní Jámánì ni wọ́n bí Bertha Ringer sí, ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1849. Nígbà tí àárín àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Carl Benz, àti ẹni tí wọ́n jọ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ kò gún mọ́, Bertha gba owó ìgbéyàwó rẹ̀ ṣáájú ọjọ́, wọ́n sì fi ra ìpín ọkùnrin náà. (Lọ́dọ̀ wọn nígbà náà, ìdílé ìyàwó ló ń kówó sílẹ̀, kì í ṣe ti ọkọ bíi tiwa.) Ọdún 1872 ni wọ́n ṣègbéyàwó. Nígbà tí ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn jáde ní 1886, orúkọ Carl nìkan ló wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ dé, oníbàárà ò dé. Bí ọjà náà bá kùtà, owó ìdílé wọn ló wọgbó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1888, Bertha kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Eugen, ẹni ọdún 15, àti Richard, ẹni ọdún 13, ó gbé ọkọ̀ náà láìsọ fún Carl, ó di Pforzheim lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Láti Mannheim, ó lé ní kìlómítà 100.

Omi ló dá wọn dúró jù. Ọkọ̀ náà kò ní rédíétọ̀ bíi ti òde òní. Omi tó yí ẹ́ńjìnnì ká á gba ìgbóná, á hó, á di èéfín, á sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tó bá ti se ẹ̀wà rí mọ̀ ọ́n: bí omi bá ṣì wà nínú ìkòkò, ẹ̀wà ò ní jóná, bó bá gbẹ, ẹ má bi wá. Nítorí náà, pé ẹ́ńjìnnì Bertha ń hó kì í ṣe àìsàn, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Kí omi má gbẹ ni iṣẹ́ tirẹ̀, ló bá ń dúró léraléra láti bu omi níbikíbi tó bá ti rí i.

Tiyín yàtọ̀. Inú ibi tí a dé pa ni omi ti ń yípo báyìí, kò yẹ kó máa dín kù. Bí abẹ́rẹ́ bá gòkè, ẹ páàkì, ẹ pa iná ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó gbóná, omi gbígbóná á tú síni lójú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wò ó bóyá omi ti lọ sílẹ̀, bóyá rọ́bà kan ń jò, tàbí fáànù kò yí. Bí omi bá ń dín kù láìrí ibi tó ń jò, tí èéfín funfun sì ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ fura sí.

Ọ̀nà tí epo ń gbà dí, Bertha fi abẹ́rẹ́ fìlà rẹ̀ yọ ìdọ̀tí náà. Wáyà iná bó, ó fi rọ́bà ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wé e. Epo tán, ó wọ ilé ìtajà òògùn ní Wiesloch, ó ra ligroin tí wọ́n fi ń yọ àbàwọ́n lára aṣọ, ó dà á sínú ọkọ̀. Nígbà tí bíréèkì ń jẹ tán, ó ní kí aránbàtà kan awọ mọ́ ọn. Lórí òkè, ńṣe ni wọ́n ń ti ọkọ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó dé, ó sì fi tẹlifóònù àwọn ará ìgbàanì, ìyẹn tẹligíráàmù, ránṣẹ́ sí Carl. Ohun tó fojú rí lọ́nà ló mú kí Carl fi jíà kún ọkọ̀ fún òkè gígùn. Òkìkí ìrìn àjò náà kàn, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

Carl kú ní 1929. Bertha kú ní Ladenburg ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1944, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tó pé ẹni ọdún 95. Láti 2008, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà tó gbà lọ sí Pforzheim àti èyí tó gbà padà.