Ibn Khaldun: Ohun tí ń gbé ìlú ró àti ohun tí ń tú u ká

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá wa ní ẹ̀yà àti ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìgbẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ará wa, ìbéèrè kan wà tí kò yọ ilé kankan sílẹ̀. Báwo ni àwọn ènìyàn tí wọ́n jọ jìyà, tí wọ́n jọ ru búlọ́ọ̀kù mọ́sáláṣí lórí, ṣe ń di ẹni tí kì í kí ara wọn mọ́ nígbà tí nǹkan bá dẹrùn tán? Báwo ni ilé ọlá ṣe ń tú ká lójú àwọn ọmọ-ọmọ ẹni tí ó kọ́ ọ? Ó lé ní 600 ọdún sẹ́yìn tí àáfáà kan ti jókòó ti ìbéèrè yìí, tí ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé. Orúkọ rẹ̀ ni Abdur-Rahman ọmọ Muhammad, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ibn Khaldun. A fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, torí pé kì í ṣe inú ìwé nìkan ni ó ti kọ́ ohun tí ó kọ́. Ojú ara rẹ̀ ni ó fi rí i.

Ìbí rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ìlú Tunis, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Tùnísíà lónìí, ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ kìíní oṣù Rámàdánì ọdún 732 Hijira, èyí tí ó bọ́ sí ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1332. Hadramawt ní ilẹ̀ Yemen ni ìdílé wọn ti ṣẹ̀ wá. Àwọn bàbá ńlá rẹ̀ gbé ní Seville ní ilẹ̀ Andalus, tí ó wà ní Sípéènì òde òní, fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì jẹ́ ènìyàn pàtàkì níbẹ̀. Nígbà tí ogun àwọn ọba Kìrìsìtẹ́nì ń sún mọ́ ìlú náà, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n sọdá òkun wá sí Àríwá Áfíríkà kí Seville tó bọ́ ní ọdún 1248. Ilé tí wọ́n ti ń sọ ìtàn ìlú tí ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni ọmọ yìí dàgbà sí.

Bàbá rẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ ìjọba sílẹ̀, ó gbájú mọ́ ìmọ̀. Ibn Khaldun há Àlùkùránì sórí, ó kọ́ èdè Lárúbáwá, Hadith àti òfin ẹ̀sìn ní ọ̀nà Ìmáàmù Malik. Ó tún rí olùkọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Al-Abili, ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìṣirò àti bí a ṣe ń fi làákàyè yẹ ọ̀rọ̀ wò. Nígbà tí ó tó ọmọ nǹkan bí ọdún 17, àjàkálẹ̀ àrùn ńlá tí ó ń jà káàkiri ayé wọ Tunis. Ó pa bàbá rẹ̀, ó pa ìyá rẹ̀, ó sì pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn àáfáà tí ó ń kọ́ ọ. Láàárín ìgbà díẹ̀, ọmọ tí ó ní ẹni tí ó pọ̀ lẹ́yìn di ọmọ òrukàn.

Lẹ́nu iṣẹ́ ọba

Ó tó ọmọ 20 ọdún nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ̀wé ní ààfin Tunis. Nígbà náà, ìdílé mẹ́ta ni ó pín Àríwá Áfíríkà mọ́ ara wọn lọ́wọ́: ọ̀kan ní Tunis, ọ̀kan ní Tlemcen, ọ̀kan ní Fez. Musulumi ni gbogbo wọn, síbẹ̀ wọn kò yé gbógun ti ara wọn. Nínú ìdílé kan náà pàápàá, ọmọ ń gba ìtẹ́ lọ́wọ́ bàbá, ìbátan ń pa ìbátan.

Ní ọdún 1354 ó lọ sí Fez, ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Sultan Abu Inan. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ tí wọ́n fi fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án, tí wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ó lò tó nǹkan bí ọdún méjì níbẹ̀. Ìgbà tí Sultan náà kú ní ọdún 1358 ni ó tó jáde. Ní ọdún 1362 ó kọjá sí Granada. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọba Granada rán an níṣẹ́ àlàáfíà sí Pedro, ọba Kìrìsìtẹ́nì tí ó ń jọba ní Seville. Ọba náà sọ fún un pé bí ó bá lè dúró ti òun, òun yóò dá ilẹ̀ àwọn bàbá ńlá rẹ̀ padà fún un. Ibn Khaldun dúpẹ́, ó kọ̀, ó padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó rán an.

A kò ní bò ó mọ́lẹ̀ fún yín: nínú ọ̀rọ̀ ìjọba, ọwọ́ rẹ̀ kò fi gbogbo ìgbà mọ́. Lẹ́yìn Granada, ó di olórí ìgbìmọ̀ ọba ní Bijaya. Nígbà tí ìbátan ọba náà ṣígun, tí ó sì pa á ní ọdún 1366, Ibn Khaldun ni ó fa ìlú lé ẹni tí ó ṣẹ́gun lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó lo ọdún púpọ̀ láàárín àwọn ẹ̀yà aṣálẹ̀, ó ń bá ọba yìí àti ọba tọ̀hún wá ọmọ ogun. Ibẹ̀ ni ó ti rí bí àwọn tí kò ní odi, tí kò ní ààfin, ṣe ń dúró ti ara wọn nínú ìyà. Ó tún rí ohun tí ìṣèlú ń fi ènìyàn ṣe: ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ibn al-Khatib, akéwì àti olórí ìgbìmọ̀ ní Granada, ni wọ́n pa sínú ẹ̀wọ̀n ní Fez ní ọdún 1374.

Ìwé tí ó kọ

Ó sú u. Ní ọdún 1375 ó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí ilé olódi Ibn Salama, ní Àlùgéríà òde òní, lábẹ́ ààbò ẹ̀yà kan tí ó gbà á lálejò. Ó tó ọdún mẹ́rin tí ó fi wà níbẹ̀. Ní ọdún 1377, láàárín oṣù márùn-ún, ó kọ ìwé tí à ń pè ní Muqaddimah, èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣáájú fún ìwé ìtàn ńlá rẹ̀, Kitab al-Ibar.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó sọ ni pé kí a má máa gba ìtàn gbọ́ nítorí pé ẹni ńlá ni ó sọ ọ́. Bí òpìtàn bá ní ọmọ ogun ìlú kan lé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ẹ bi í pé ilẹ̀ wo ni ó gbà wọ́n, oúnjẹ wo ni wọ́n jẹ. Báwo ni ayé ìbá ti rí tí àwa náà bá ń bi ìbéèrè báyìí kí a tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù?

Èkejì ni ohun tí ó pè ní asabiyya, ìyẹn okùn tí ń so àwọn ènìyàn pọ̀ tí ẹnì kan fi ń kú nítorí ẹnì kejì. Ó ní láìsí okùn yìí, kò sí ìjọba tí ó lè dìde. Ó mọ̀ pé Ànábì bá asabiyya wí. Ó ṣàlàyé pé èyí tí ó burú ni kí a gbè sẹ́yìn ẹni wa lórí irọ́ àti ìgbéraga bí ti ayé àìmọ̀kan. Bí ẹ̀sìn bá wọ inú ìfẹ́ ara ẹni, tí ó mú ìlara kúrò, okùn náà á yi sí i.

Ẹ̀kẹta, ó ní ìjọba máa ń lo nǹkan bí ìran mẹ́ta, 40 ọdún sí ìran kan. Ìran àkọ́kọ́ mọ ìyà, wọ́n sì mọwọ́ ara wọn. Ìran kejì bá ọlá nílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì rí bàbá wọn. Ìran kẹta gbàgbé pátápátá. Ọ̀ṣọ́ àti jíjẹ mímu ni wọ́n mọ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n ń háyà láti gbèjà wọn. Àwa Yorùbá náà kò kúkú ṣàì mọ̀ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹ̀kẹrin, ó ní nígbà tí ìjọba bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, owó orí kéré, owó tí ń wọlé sì pọ̀, torí pé ara tu àwọn ènìyàn láti ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìnáwó ààfin bá pọ̀, wọ́n á máa fi kún owó orí, ọjà á dá, owó tí ń wọlé á sì dín. Àbòsí, ó ní, ni ó ń pa ìlú run. Kì í sì ṣe gbígba owó olówó nìkan ni àbòsí, fífi túláàsì mú ènìyàn ṣiṣẹ́ láìsan owó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ọmọ kan gbogbo ilé-kéwú wa. Ó ní ọmọ tí a bá fi ẹgba nìkan kọ́ yóò di òpùrọ́ àti alágàbàgebè kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ìyà, ìwà náà á sì bá a dàgbà.

Nípa àwa aláwọ̀ dúdú, ó já irọ́ àwọn tí ń sọ pé ègún tí Ànábì Nuhu fi ọmọ rẹ̀ Hamu gún ni ó sọ wá di dúdú. Ó ní ooru ilẹ̀ ni. Síbẹ̀ òun náà kọ ọ̀rọ̀ ìfojú-kéré nípa àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí kò bá ẹ̀kọ́ Islam mu. Ó sì tún wà lára àwọn tí ó kọ ìtàn àwọn ọba Mali sílẹ̀ dáadáa, títí kan Mansa Musa. Ẹni ńlá ni onímọ̀, àmọ́ kì í ṣe Ànábì.

Kairo, òkun àti Timur

Ní ọdún 1382 ó kúrò ní Tunis, ó ní òun ń lọ sí Haji, ó sì dé ilẹ̀ Íjíbítì. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ ní Kairo, ó kọ́ni ní Al-Azhar, Sultan Barquq sì fi í ṣe kádì àgbà ní ọdún 1384. Ní ọdún yẹn kan náà ni ọkọ̀ ojú omi tí ó ń gbé ìdílé rẹ̀ bọ̀ wá bá a rì lẹ́bàá Alexandria. Ìyàwó, ọmọ àti dúkìá bá omi lọ. Ó ṣe sùúrù, ó sì lọ sí Haji ní ọdún 1387.

Ó le koko lórí ìdájọ́. Ó gbógun ti àwọn ẹlẹ́rìí èké, kò sì gba ẹ̀bẹ̀ àwọn ọlọ́lá. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún pè é padà. Ìgbà mẹ́fà ni ó jẹ kádì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1401, Timur, jagunjagun tí ẹ̀rù rẹ̀ ba gbogbo ayé, dó ti Damasku. Ibn Khaldun wà nínú ìlú. Okùn ni wọ́n fi sọ ọ́ kalẹ̀ láti orí odi kí ó lè lọ bá Timur. Ó tó nǹkan bí ọjọ́ 35 tí wọ́n fi ń rí ara wọn. Ó mú Àlùkùránì, ẹní ìkírun àti àdídùn Íjíbítì lọ fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó dá ẹ̀mí àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn oníkéwú tí ó kù nínú ìlú sí. Timur gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n wọ́n kó Damasku, iná sì jó mọ́sáláṣí ńlá ibẹ̀. Nígbà tí Ibn Khaldun ń padà lọ sílé, àwọn ọlọ́ṣà bọ́ ọ láṣọ lójú ọ̀nà.

Ó kú ní Kairo ní ọjọ́ 26 oṣù Rámàdánì ọdún 808 Hijira, ìyẹn ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1406, nígbà tí ó ṣì wà lórí ipò kádì lẹ́ẹ̀kẹfà. Ibi ìsìnkú àwọn Sufi lẹ́yìn odi ìlú ni wọ́n sin ín sí. Oṣù tí a bí i ni ó padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá rẹ̀.

Ohun tí ó kù fún wa

Kò sí ọba kankan nínú àwọn tí ó sìn tí ìjọba rẹ̀ ṣì wà lónìí. Ìwé rẹ̀ ni ó kù. Ẹ jẹ́ kí a fi yẹ ara wa wò. Nígbà tí a bá ń jà lórí ipò ìmáàmù tàbí lórí ogún, ṣé òdodo ni a ń gbè, àbí ẹni wa? Àwọn ọmọ tí a bí sínú ìrọ̀rùn, ṣé wọ́n mọ ẹni tí ó ru búlọ́ọ̀kù? Ẹ pè wọ́n jókòó ní alẹ́ òní, kí ẹ sọ ọ́ fún wọn, kí ìran kẹta tó gbàgbé.

Kí Ọlọ́hun forí jin Ibn Khaldun, kí Ó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Kí Ó má jẹ́ kí okùn tí ó so wá pọ̀ já mọ́ wa lọ́wọ́. Àmín.