Ìgbésí Ayé Olóògbé Hubert Ògúndé, àti Fíìmù Mẹ́rin tí Ó Fi Sílẹ̀

Ó ti di àṣà nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa yìí pé kí a kọ ìtàn ẹni ńlá kan tí ó ti kọjá lọ, kí àwọn ọmọ wa lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tí a yàn lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ Ìbàràpá. Ọmọ Ọ̀ṣọ̀sà ni, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bi wá léèrè ìdí tí a fi fo àwọn ẹni ńlá ilé wa dá, tí a lọ mú ará Ìjẹ̀bú, kí olúwarẹ̀ ṣe sùúrù, kí ó kà á dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Àwa tí a wà ní ilé ìwé alákọ́ọ̀bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1980 kò lè gbàgbé bí sinimá ti máa ń wọ̀lú. Láti òwúrọ̀ ni ọkọ̀ tí ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí yóò ti máa yí àdúgbò ká, tí yóò máa kéde. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, a ó ta aṣọ funfun sí ara ògiri, jẹnẹrétọ̀ yóò máa ké ní ẹ̀yìnkùlé, àwa ọmọdé yóò sì jókòó sórí àpótí tí a rù wá láti ilé. Báyìí ni a ṣe rí Aiyé. Àwọn àjẹ́ inú eré náà dẹ́rù bà wá tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè dá jáde lọ tọ̀ lóru fún ọjọ́ gbọọrọ. Ọkùnrin tí ó ṣe babaláwo tí ó bá wọn jà ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ní ọdún 1916 ni a bí Hubert Adédèjì Ògúndé. Inú ilé onígbàgbọ́ ni a bí i sí, ṣùgbọ́n àwọn onífá kò jìnnà sí i, láti kékeré ni ó sì ti ń bá àwọn eégún alárìnjó ṣeré. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe, èyí sì mú inú àwa tí a ń fi ẹfun kọ̀wé dùn gidigidi; a tún gbọ́ pé ó ń tẹ dùùrù ní ilé ìsìn. Ní ọdún 1941 ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó di ọlọ́pàá. Aṣọ ọlọ́pàá yìí ni ó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ìjọ Aládùúrà kan ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta ní kí ó bá àwọn ṣe eré orin láti inú Bíbélì. Ó ṣe é, ní oṣù kẹfà ọdún 1944, ní Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Gbọ̀ngàn yìí kan náà ni a ti kọ́kọ́ fi sinimá han ará Èkó ní oṣù kẹjọ ọdún 1903. Ọ̀nà méjèèjì, eré orí ìtàgé àti sinimá, ti pàdé ní ojú kan náà kí a tó bí Ògúndé pàápàá.

Nígbà tí ó rí i pé ogunlọ́gọ̀ ènìyàn fẹ́ràn eré náà, ó kúrò ní iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Kò rọrùn. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìgbà náà, alágbe ni ẹni tí ń kọrin tí ń jó kiri, kò sì sí òbí tí ó fẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí irú ibẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí ó polongo pé òun ń wá òṣèré obìnrin, kò rí ẹni dáhùn dáadáa, àfi ìgbà tí ó yí i padà pé akọ̀wé obìnrin ni òun ń wá. Lẹ́yìn náà ni ó ń fi àwọn òṣèré rẹ̀ ṣe aya, tí ẹgbẹ́ òṣèré fi di agbo ilé. Àwa kò ní dá ẹjọ́ èyí níhìn-ín; ohun tí a mọ̀ ni pé ẹgbẹ́ náà kò tú.

Ọ̀gá yìí kò bẹ̀rù ìjọba. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1945, ó fi ìyà wọn ṣe eré, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Strike and Hunger. Àwọn aláṣẹ fi òfin dè é ní Jọ́ọ̀sì. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà èédú ní Enugu ní ọdún 1949, ó tún ṣe Bread and Bullet. Ní ọdún 1964 ni ó wá ṣe Yorùbá Ronú, nígbà tí ìjà àwọn òṣèlú ti fẹ́ fọ́ ilẹ̀ Yorùbá sí wẹ́wẹ́. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kò fara mọ́ ọn rárá. Wọ́n fi òfin dè é pé kò gbọdọ̀ ṣeré ní ibi kankan ní agbègbè náà. Igbó-Ọrà wà nínú rẹ̀, Èrúwà wà nínú rẹ̀, gbogbo ìlú méjèèje Ìbàràpá ni. Títí di ọdún 1966, nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba tí Adékúnlé Fájuyì sì di gómìnà tí ó tú òfin náà, kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ wa tí ó lè gba Ògúndé ní àlejò.

Eré tí ọkùnrin yìí ṣe lé ní ogójì. Mélòó ni ọmọ wa lè rí lónìí bí ó ti ṣe é gan-an? Ìwé tí ọ̀mọ̀wé Ẹbùn Clark kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1979 sọ ìtàn wọn fún wa, àwo orin kan sì wà. Ṣùgbọ́n ijó náà, aṣọ náà, ojú àwọn òṣèré, ẹ̀rín àwọn èrò, wọ́n ti bá afẹ́fẹ́ lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó yà wọ́n sí fíìmù.

Kì í sì ṣe pé fíìmù kò sí ní ilẹ̀ yìí nígbà náà. Òyìnbó kan, William Sellers, tí ó ń ṣiṣẹ́ ìlera ní Èkó, ti ń fi sinimá kọ́ àwọn ènìyàn bí wọn yóò ṣe gbógun ti eku àti àjàkálẹ̀ àrùn. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé iṣẹ́ fíìmù fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1939, òun ni wọ́n fi ṣe olórí. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ sinimá ìjọba ti ń lọ láti ìlú dé ìlú, tí ó ń fi iṣẹ́ àgbẹ̀, ìmọ́tótó àti ìtọ́jú ọmọ han àwọn baba wa. Ní ọdún 1949 wọ́n ṣe Daybreak in Udi, ìtàn àwọn ará abúlé kan ní ilẹ̀ Ìgbò tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé ìgbẹ̀bí, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ìlú wa náà ti ń ṣe. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn Oscar ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ó bá fẹ́ rí i lè rí i. Kí ẹ má ṣì wá gbọ́: ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà tí a ń ya ilé ìgbẹ̀bí Udi, Ògúndé ń ti ọkọ̀ akẹ́rù kan bọ́ sí òmíràn pẹ̀lú eré rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ kan tí ó dojú kọ ọ́. Nígbà tí tẹlifíṣàn ilẹ̀ Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1959, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré níbẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọ̀pọ̀ eré jáde nígbà náà. Nígbà tí téèpù sì dé, ó wọ́n púpọ̀, wọn a pa eré àná rẹ́, wọn a gba ti òní sórí rẹ̀.

Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún kí ó tó bọ́ sínú sinimá. Ọ̀gbẹ́ni Ọlá Balógun ti ṣe Àjàní Ògún ní èdè Yorùbá ní ọdún 1976, àwọn ènìyàn sì ya lọ wò ó. Ògúndé pè é, àwọn méjèèjì sọ eré orí ìtàgé rẹ̀ kan di fíìmù: Aiyé, ní ọdún 1979. Jáyésinmi tẹ̀lé e ní 1980, Àròpin N'Tènìà ní 1982, Àyànmọ́ ní 1988. Mẹ́rin péré. Owó tí ó ná lé wọn lórí kì í ṣe kékeré, nítorí kò sí ibi tí a ti lè fọ fíìmù aláwọ̀ ní ilẹ̀ yìí nígbà náà; òkè òkun ni a ń gbé e lọ. Nítorí náà, bí fíìmù bá dé, olówó rẹ̀ kì í fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwọn ará ilé rẹ̀ ni wọ́n ń rù ú láti ìlú dé ìlú, wọn a wò ó tán lálẹ́, wọn a dì í padà sínú agolo, wọn a gbé e lọ. Ẹ̀rù olè ń bà wọ́n, kò sì jẹ́ lásán: nígbà tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, ṣe Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982, àwọn olè ṣe àdàkọ rẹ̀ sí téèpù, wọ́n tà á káàkiri, gbèsè sì wọ ọkùnrin náà lọ́rùn.

Ìjọba àpapọ̀ wá pè é ní ọdún 1986 pé kí ó bá àwọn kó ẹgbẹ́ òṣèré orílẹ̀-èdè jọ. Ní Ọ̀ṣọ̀sà ni ó kọ́ abúlé fíìmù rẹ̀ sí. Ó tún kópa nínú Mister Johnson, fíìmù àwọn òyìnbó tí wọ́n yà ní ilẹ̀ Hausa. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1990 ni ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ wá sin sí Ọ̀ṣọ̀sà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá ni èyí. Fíìmù kì í ṣe òkúta. Ooru àti ọ̀rinrin ń jẹ ẹ́. Irú fíìmù tí wọ́n ń lò ní ìgbà Ògúndé, bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, á máa rùn bí ọtí kíkan, á súnkì, á ká kò. Àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, á pọ́n lójú. Èéfín agolo kan tí ó ti ń rùn a máa ba èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ilé tútù tí ó gbẹ ni oògùn rẹ̀. Fún ìwé, a ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní tòsí, nítorí pé láti ọdún 1954 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, Ìbàdàn ni ìwé ìjọba ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn wà. Fún fíìmù, Jọ́ọ̀sì ni ilé ìpamọ́ orílẹ̀-èdè wà, ọ̀nà jíjìn sí wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí Shaihu Umar, fíìmù tí Adamu Halilu ṣe ní ọdún 1976, tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti sọnù. Àwọn ará Jámánì bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi í hàn ní Berlin ní ọdún 2018. Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ti Hausa lè ṣẹlẹ̀ sí tiwa, bí agolo rẹ̀ bá ṣì wà.

Ní ilé ìwé kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, a bá àwọn ọmọ kíláàsì kẹta tí wọ́n ń fi fíìmù dí irun. Wọ́n tú u láti inú agolo kan tí ó ti pẹ́ ní yàrá ìkẹ́rù, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú àwa olùkọ́ tí ó béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àwa pẹ̀lú kò béèrè. Nígbà tí a gbé èyí tí ó ṣẹ́kù sí oòrùn, a rí ènìyàn kéékèèké lórí rẹ̀, wọ́n ń jó, obìnrin kan wà láàárín wọn tí ó gbé igbá. A kò mọ ìlú tí ó jẹ́.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ ti fún akọ̀wé láṣẹ láti gba àgolo fíìmù, téèpù, àwo àti fọ́tò àtijọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ìlú méjèèje, ìbáà jẹ́ ti ilé, ti ilé ìwé tàbí ti ilé ìsìn. Àpótí rẹ̀ yóò wà ní yàrá ìpàdé kí ìpàdé gbogbogbòò tó dé. Ẹ má ṣe tú u wò nílé. Èyí tí ó bá ń rùn bí ọtí kíkan, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ gbé e kúrò lábẹ́ páànù, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín sí ara rẹ̀.