Ìtàn Ìgbésí-Ayé Dókítà Adrian Stokes, Olùwádìí Àrùn tí ó Kú sí Èkó ní 1927

Nígbà tí ìyá kan ní Adó-Èkìtì, ní Ìyìn, ní Ìgèdè tàbí ní Ìdó bá gbé ọmọ oṣù mẹ́sàn-án lọ gba àjẹsára, abẹ́rẹ́ tí ọmọ náà ń gbà ní ọjọ́ náà ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan jẹ́ ti èéyi. Òmíràn jẹ́ ti ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀. Ọmọ a ké, ìyá a rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, a pọ̀n ọ́n, a sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ni ó mọ iye tí a fi ra abẹ́rẹ́ kejì yìí. Nítorí náà ni ó ṣe tọ́ lójú wa láti sọ ìtàn ọ̀kan nínú àwọn tí ó san owó rẹ̀, pàápàá nítorí pé ilẹ̀ wa níhìn-ín ni ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ, ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí.

A bí Adrian Stokes ní ọjọ́ 9 oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1887, ní ìlú Lausanne ní ilẹ̀ Switzerland. Ṣùgbọ́n ará Ireland ni àwọn ènìyàn rẹ̀, àwọn oníṣègùn olókìkí sì ti jáde láti inú ìdílé Stokes ní ìlú Dublin ṣáájú rẹ̀. Ní Trinity College, Dublin, ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Kì í ṣe ẹ̀ka iṣẹ́ náà tí ó ń mú owó wá ni ó yàn. Ó yan ẹ̀ka tí ènìyàn fi ń jókòó sínú ilé-ìwádìí, tí ó ń fi awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá wá kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, Stokes bá àwọn oníṣègùn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ojú ogun. Ní àwọn oṣù ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ilé-ìwádìí ní itòsí ibẹ̀. Kò dúró kí a kọ́ ọ̀kan fún un. Ó kó àwọn ohun èlò rẹ̀ sínú àpótí ẹlẹ́sẹ̀ kan tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù rẹ̀, ó sì ń gbé ilé-ìwádìí náà kiri láti ibùdó dé ibùdó. Ní Flanders, àrùn kan dìde láàárín àwọn ọmọ-ogun tí ń gbé inú kòtò, tí ó mú kí ojú wọn pọ́n. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí rẹ̀. Wọ́n rí kòkòrò rẹ̀ tí ó rí bí okùn tí a lọ́, wọ́n sì rí i lára àwọn eku inú kòtò pẹ̀lú. Ní 1917 ni wọ́n kọ ìwádìí náà jáde. Kí olùkà wa rántí kòkòrò yìí, nítorí a ó tún gbọ́ nípa irú rẹ̀ níwájú.

A fi oyè D.S.O. dá a lọ́lá, lẹ́yìn ogun ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Dublin ní 1919, àti ní 1922 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Guy's Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù. Láàárín méjèèjì, ní 1920, ó ti bá ẹgbẹ́ olùwádìí kan wá sí Èkó nítorí ibà apọ́njú, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìdí rẹ̀ títí wọ́n fi padà.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ibà náà. Ẹ̀fọn ni í gbé e, gẹ́gẹ́ bí Walter Reed àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Cuba ní 1900. Ẹ̀fọn yìí dúdú, ó ní àmì funfun lára, ọ̀sán ni í jẹni, inú omi tí ó dúró sínú ìkòkò, àmù, àgbá àti àfọ́kù igbá ní àyíká ilé ni í sì yé ẹyin sí. Àìsàn náà a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orí fífọ́ àti ẹ̀yìn ríro, a sì dàbí ẹni pé ó fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n lára àwọn mìíràn a tún padà pẹ̀lú agbára, ojú a pọ́n, ìtọ̀ a pọ́n, aláìsàn a sì máa bi ẹ̀jẹ̀ dúdú. Ní ilẹ̀ wa, ìgbà èwe ni ó ti ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ó bá mú ní kékeré tí kò sì kú, kì í tún mú un mọ́. Nítorí èyí ni àwọn àgbà fi ń rìn láàárín rẹ̀ láìfarapa nígbà tí àwọn àlejò ń kú, tí àwọn kan sì fi rò pé kì í ṣe ènìyàn dúdú ní nǹkan. Wọn kò ka àwọn ọmọdé tí a ti sin. Ta ni ó sì lè kà wọ́n, nígbà tí ó jẹ́ pé ibà lásán ni a pè é?

Ní 1925, ilé-iṣẹ́ Rockefeller ti Amẹ́ríkà rán àwọn olùwádìí wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì fi Yábà ní Èkó ṣe ibùjókòó. Ní ìgbà náà, Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Japan tí ń ṣiṣẹ́ ní New York, ti kéde pé òun rí kòkòrò ibà náà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, kòkòrò tí ó jọ èyí tí Stokes rí ní Flanders. Ọ̀pọ̀ gbà á gbọ́, a tilẹ̀ ti ń ti ara rẹ̀ ṣe abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará Yábà wá a títí, wọn kò rí i. Nítorí náà ni a ṣe tún pe Stokes ní 1927, ó sì fi ipò ọlá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀, ó wá.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Júùnù ọdún náà, dókítà kan nínú ẹgbẹ́ náà gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a ń pè ní Asibi, ẹni ọdún 28, ní Kpeve ní Gold Coast, èyí tí í ṣe Gánà nísinsìnyí. Ibà náà kò le lára Asibi, ó sì yè. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ara ọ̀bọ tí a kó wá láti ilẹ̀ Íńdíà, ọ̀bọ náà sì kú. Stokes, Bauer àti Hudson mú un láti ọ̀bọ dé ọ̀bọ, nípa ẹ̀jẹ̀ àti nípa ẹ̀fọn. Wọ́n sẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà nínú asẹ́ tí kòkòrò àrùn tí a mọ̀ kò lè là kọjá, síbẹ̀ ó ń pa. Wọn kò rí kòkòrò Noguchi rárá. Ọ̀rọ̀ Stokes sì wúwo, nítorí kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò mọ irú kòkòrò náà nígbà tí ó bá rí i. Nípa báyìí ni a fi mọ̀ pé ohun tí ń fa ibà náà kéré ju ohun tí awò ìgbà náà lè fi hàn lọ.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà, ibà náà mú Stokes fúnra rẹ̀. Ó mọ ohun tí ó ń ṣe é. Ó ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ òun fún àwọn ọ̀bọ, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn mu nínú ẹ̀jẹ̀ òun, bí òun bá sì kú, kí wọ́n la òun wò kí ìwádìí má bàa dúró. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà, 1927, ní ẹni ogójì ọdún. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mú àrùn náà bá ọ̀bọ gẹ́gẹ́ bí ti Asibi. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Bauer àti Hudson fi hàn pé àrùn náà lè gba awọ ara wọlé sára ọ̀bọ, èyí tí ó kọ́ àwọn tí ó kù láti máa ṣọ́ ọwọ́ wọn. Ní 1928 ni ìwé tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ jáde, nígbà tí ọ̀kan nínú wọn ti wà nínú ibojì.

Ikú kò dúró síbẹ̀. Noguchi tìkára rẹ̀ wá sí Accra láti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ibà náà pa á ní ọjọ́ 21 oṣù Méè, 1928. Dókítà William Young tí ó bá a ṣiṣẹ́ kú ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a gbà lára Asibi kò kú. A gbé e lọ sí òkè òkun, Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York sì ń gbìn ín sínú ẹran ara ọmọ inú ẹyin adìẹ, títí oró rẹ̀ fi rọ̀ tí kò sì lè pani mọ́, ṣùgbọ́n tí ó lè kọ́ ara bí a ti í jà. Ní 1937 ni iṣẹ́ náà parí. Ní 1951 a fún Theiler ní ẹ̀bùn Nobel. Àjẹsára náà ni a ń fún àwọn ọmọ wa títí di òní. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún ọjọ́ ayé ènìyàn. A kì í fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, nítorí ó lè ṣe ọpọlọ rẹ̀ ní ibi. Ìdí nìyí tí a fi ń dúró de oṣù kẹsàn-án.

Kí ni ìtàn yìí ń béèrè lọ́wọ́ àwa ará Èkìtì? Èkíní, a mọ̀ pé àwọn òbí kan ń bẹ láàárín wa tí ń fà sẹ́yìn nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò. Kí wọ́n mọ̀ pé a kò fi ìwádìí yìí ṣeré: àwọn tí ó ṣe é kò fi ara wọn pamọ́ kúrò nínú ewu rẹ̀. Èkejì, kí a máa bo omi wa, kí a sì da omi inú àfọ́kù àti táyà àlòkù nù, nítorí ẹ̀fọn náà kò kúrò láàárín wa.

Ẹ̀kẹta, a ń bá ẹ̀yin olùkọ́ sọ̀rọ̀. Ní ọdún tí Stokes kú, Christ's School kò tíì sí ní Adó. Ní 1933 ni Archdeacon Dallimore dá a sílẹ̀. Lónìí, ilé ìwòsàn ńlá tí a ti ń kọ́ni ní ìṣègùn ń bẹ ní Adó àti ní Ìdó. Kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ tí ó mọ ìwé pé ipò dókítà tí gbogbo ènìyàn ń kí kọ́ ni iṣẹ́ ìwòsàn nìkan. Ẹni tí ó jókòó sínú ilé-ìwádìí, tí kò sí aláìsàn kan tí ó mọ orúkọ rẹ̀, lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ là. Kí orúkọ Asibi náà má sì ṣe parẹ́ nígbà tí a bá ń ka àwọn tí ó ṣe wá lóore, nítorí láti ara ọmọ Áfíríkà ni ìwòsàn náà ti jáde.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó fi ọgbọ́n fún ènìyàn, kí ó gbé irú olùwádìí bẹ́ẹ̀ dìde láàárín àwọn ọmọ wa. Àmín.