Edwin Armstrong, Ọkùnrin Tó Wà Nínú Gbogbo Rédíò Alaba

Nínú ìtàn àwọn èèyàn ńlá tí à ń lẹ̀ mọ́ ògiri yìí, olóṣèlú àti olórin ló máa ń pọ̀ jù. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹnjiníà ni tèmi.

Bí ẹ bá dé ọjà Alaba International, ẹ mú rédíò FM èyíkéyìí, ẹ wo ojú rẹ̀. Nọ́ńbà 88 sí 108 ló máa wà níbẹ̀. Ohun tó sọ Edwin Howard Armstrong di ẹni ńlá àti ohun tó ba ayé rẹ̀ jẹ́, inú rédíò kan náà yẹn ni méjèèjì wà.

Ìlú New York ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1890. Nígbà tó wà ní kékeré, àìsàn kan kọ lù ú tó mú ara rẹ̀ máa gbọ̀n. Nǹkan bí ọdún méjì ni kò fi lè lọ sílé ìwé, ara gbígbọ̀n yẹn ò sì fi í sílẹ̀ tán títí tó fi dàgbà. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Yonkers, ó gbé òpó eriali gíga kan nàró sí àgbàlá ilé wọn, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń gùn ún. Kò bẹ̀rù òkè rárá. Yunifásítì Columbia ló lọ, láti ilé ló sì ń lọ tó ń bọ̀. Ọmọ day bíi tiwa ni, àfi pé òun ní alùpùpù pupa tó ń gùn, ẹsẹ̀ ni tiwa.

Ọdún 1912, kò tíì jáde ní yunifásítì, ló rí i pé bí èèyàn bá dá díẹ̀ lára ohun tó jáde nínú ẹ̀rọ padà sínú rẹ̀, ohùn tí kò ju ti ẹ̀fọn lọ á di ohun tí gbogbo ilé ń gbọ́. Lee de Forest ní òun ló ni í. Wọ́n bá ara wọn ṣẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tó sì di 1934, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá de Forest láre. Armstrong mú àmì ẹ̀yẹ tí ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà rédíò ti fún un tẹ́lẹ̀, ó fẹ́ dá a padà. Wọn ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣe ni gbogbo wọn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Èyí tó mú mi kọ ìtàn yìí ni ti ọdún 1918. Ó ti di sójà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìlú Paris ló wà. Àwọn ìgbì tí wọ́n fẹ́ gbọ́ yára ju ohun tí ẹ̀rọ ìgbà yẹn lè mú lágbára lọ. Reginald Fessenden, ọmọ Kánádà, ti ronú tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè po ìgbì méjì pọ̀. Lucien Lévy ní Faransé àti Walter Schottky ní Jámánì náà ń ronú kan ohun tó jọ ti Armstrong. Ṣùgbọ́n Armstrong ló sọ ọ́ di rédíò tó ṣiṣẹ́. Superheterodyne ni wọ́n ń pè é, míksà sì ni ọkàn rẹ̀.

Báyìí ló ṣe ń ṣe é. LASU Radio tiwa níbí wà lórí 95.7, ìyẹn ni pé ìgbì rẹ̀ ń mì ju ìgbà mílíọ̀nù 95 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Rédíò yín á dá ìgbì tirẹ̀ sílẹ̀, 106.4, méjèèjì á pàdé nínú míksà. Yọ 95.7 kúrò nínú 106.4, ó ku 10.7. Bí ẹ bá yí i sí Ray Power, 100.5, rédíò á yí tirẹ̀ sí 111.2, 10.7 náà ló tún máa kù. Ẹ fojú inú wo èrò tó ń bọ̀ láti Badagry, láti Iba, láti Mile 2, tí gbogbo wọn ní láti gba géètì kan ṣoṣo wọlé. Géètì kan yẹn nìkan lẹ máa fi ẹ̀ṣọ́ tó múná sí.

Mo dán an wò lórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi, nínú LTspice, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ téèyàn fi ń dán sákíìtì wò kó tó náwó ra páàtì. Mo fi 95.7 àti 106.4 sí i, mo ní kó fi ọ̀kan ṣe ìlọ́po èkejì. Ṣóńṣó méjì péré ló yọ lórí àwòrán: 10.7, àti 202.1 tó jẹ́ àròpọ̀ wọn. 95.7 fúnra rẹ̀ ti pòórá! Mo wá yọ 95.7, mo fi 117.1 rọ́pò rẹ̀. 10.7 náà ló tún yọ. Ìdí nìyẹn tí rédíò fi gbọ́dọ̀ ní asẹ́ níwájú míksà, kí àlejò tí a ò pè má bàa wọlé. Páàtì gidi kì í mọ́ tó ti kọ̀ǹpútà ṣá o, díẹ̀ lára ìgbì àkọ́kọ́ máa ń jò kọjá.

Ní 1923 ó fẹ́ Marion MacInnis, akọ̀wé David Sarnoff tó jẹ́ ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ RCA. Rédíò superheterodyne àgbérìn ló fi ṣe ẹ̀bùn ìgbéyàwó fún un. Bó ṣe ń fẹ́ obìnrin nìyẹn!

Ní 1933 ó gba ìwé ẹ̀tọ́ patent lórí FM. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbọ́ rédíò AM nígbà tí àrá ń sán, ẹ mọ ariwo tí mò ń sọ. Nínú AM, ohùn ń yí agbára ìgbì padà, àrá náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Armstrong jẹ́ kí ohùn máa yí bí ìgbì ṣe yára tó padà, ariwo àrá sì lọ sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ dán an wò láti orí ilé gogoro Empire State, ṣùgbọ́n tẹlifíṣàn ni RCA ń lé, wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò tirẹ̀ sí Alpine ní New Jersey. Ní 1940 RCA fi mílíọ̀nù kan dọ́là lọ̀ ọ́, ó kọ̀ ọ́, torí ó fẹ́ kí wọ́n máa san ẹ̀tọ́ rẹ̀ bí gbogbo àwọn yòókù ṣe ń san án.

Ó wá di 1945. Ìjọba Amẹ́ríkà gbé FM kúrò ní 42 sí 50, wọ́n gbé e lọ sí ibi tó bẹ̀rẹ̀ láti 88, ibi tó wà lórí rédíò wa dòní. Gbogbo rédíò FM tí àwọn èèyàn ti rà di pákó. Ní 1948 ó gbé RCA lọ sí kóòtù. Owó lọ́yà jẹ ẹ́ run, ìjà wọ inú ilé òun àti Marion. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kíní ọdún 1954, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹni ọdún 63 ni. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ ò ní jẹ́ òótọ́ bí mo bá fò ó.

Marion ò jẹ́ kí ẹjọ́ náà kú. Kí ọdún 1954 yẹn tó parí, RCA san owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là fún un. Ó ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ẹjọ́ tó kẹ́yìn, ti Motorola, fi parí ní 1967. Ó jàre gbogbo wọn.