Bàálù Àlòkù Já Bessie Coleman Kulẹ̀, Kò Jáwọ́

Bí ẹ́ńjìnnì mọ́tò bá kú lójú títì, èèyàn á rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á pe mẹkáníìkì. Ti bàálù ńkọ́? Tó bá ga dáadáa, awakọ̀ ṣì lè rọra wá pápá tó máa bà sí. Àmọ́ tó bá ń fò nílẹ̀nílẹ̀, kò sáyè ìyẹn rárá. Ohun tójú Bessie Coleman rí nìyẹn, obìnrin adúláwọ̀ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gbàwé ẹ̀rí awabàálù.

Ọjọ́ 26 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1892 ni wọ́n bí i ní ìlú kan tó ń jẹ́ Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Texas. Waxahachie ló ti dàgbà. Bàbá rẹ̀ fi ilé sílẹ̀ nígbà tó ṣì kéré, ìyá rẹ̀ Susan ló ń ṣiṣẹ́ bọ́ àwọn ọmọ. Tí ìgbà ìkórè òwú bá dé, tọmọ tìyá ló ń lọ sóko.

Nígbà tó dàgbà, ó kó lọ sí Chicago, ó ń bá àwọn oníbàárà tún èékánná ṣe ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ John, tó ti jagun ní Faransé, máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn obìnrin ibẹ̀ ń wa bàálù, òun ò lè wà á. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Bessie lára. Kò sílé ẹ̀kọ́ bàálù ní Amẹ́ríkà tó fẹ́ gbà á, torí pé obìnrin ni, adúláwọ̀ sì tún ni. Ló bá kọ́ èdè Faransé, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́hùn-ún. Ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1921 ló gbàwé ẹ̀rí.

Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ John Macready fi bàálù tí wọ́n ń pè ní Jenny fọ́n oògùn kòkòrò sórí igi. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ fífi bàálù fọ́n oògùn ti bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi dé oko òwú, irú èyí tí Bessie ti ṣiṣẹ́ ní kékeré.

Jenny yìí náà làwọn tó ń fi bàálù dárà ń lò, torí ìjọba ń ta àwọn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ogun lówó pọ́ọ́kú. Ẹ́ńjìnnì OX-5 ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ohun tó ń ta iná sí ẹ́ńjìnnì yẹn kò ní ìkejì. Bó bá ti daṣẹ́ sílẹ̀, ó parí nìyẹn. Ẹni tó ń fọ́n oògùn ń fò nílẹ̀ nítorí irè oko, ẹni tó ń dárà ń fò nílẹ̀ kí èrò lè rí i. Ewu kan náà ló ń bá wọn fínra.

Lóṣù kejì ọdún 1923, Bessie ra Jenny àlòkù kan ní California. Èrò ti ń dúró dè é ní Los Angeles. Ó gbéra ní Santa Monica, kò sì tíì ga ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 300 lọ tí ẹ́ńjìnnì fi kú. Bàálù forí sọlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, eegun ìhà mẹ́ta ṣẹ́, bàálù kan ṣoṣo tó ní sì bàjẹ́ pátápátá. Síbẹ̀, láti ilé ìwòsàn ló ti ránṣẹ́ pé bí òun bá ti lè rìn, òun á tún fò.

Ó sì fò lóòótọ́. Nígbà tó padà dárà ní Waxahachie, ó ní òun ò ní gòkè àfi kí dúdú àti funfun gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Ohun tó ń lé ni owó tó máa fi dá ilé ẹ̀kọ́ bàálù sílẹ̀ fáwọn adúláwọ̀.

Lọ́dún 1926, mẹkáníìkì rẹ̀ William Wills gbé Jenny àlòkù mìíràn láti Dallas lọ sí Jacksonville. Ẹ́ńjìnnì dà á láàmú lọ́nà débi pé ó ní láti bà sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lọ́jọ́ 30 oṣù kẹrin, àwọn méjèèjì jọ gòkè, Wills ló ń wà á. Bessie kò so bẹ́líìtì, torí ó fẹ́ yọjú wo ibi tó máa fi páráṣúùtì balẹ̀ sí. Àfi bí bàálù ṣe dorí kodò, tó sì jù ú síta. Àwọn méjèèjì ló kú. Sípánà kan ni wọ́n bá tó há sáàárín ẹ̀rọ ìdarí. Ẹni ọdún 34 ni Bessie.

Lọ́dún 1929, William Powell dá ẹgbẹ́ awabàálù sílẹ̀ ní Los Angeles lórúkọ rẹ̀. Nígbà tí Mae Jemison sì lọ sójú sánmà lọ́dún 1992, ó mú àwòrán Bessie dání.

Ẹ ò rí i, lẹ́ẹ̀kan ẹ́ńjìnnì ni, lẹ́ẹ̀kejì sípánà ni. Bessie mọṣẹ́, ó sì láyà, àmọ́ àlòkù nìkan lọ́wọ́ rẹ̀ tó. Ìgboyà ò lè dípò ìtọ́jú o. Ẹ̀yin awakọ̀ àti ọlọ́kadà wa, ẹ yẹ ẹ́ńjìnnì yín wò kẹ́ ẹ tó gbéra.