Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹlá Ṣówándé: Ta Ni Yóò Bọ́ Akọrin?

Orúkọ Olóyè Olúfẹlá Ọbáfúnmiláyọ̀ Ṣówándé kì í ṣe àjèjì sí àwọn àgbà atẹdùùrù ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń kọrin nínú ìjọ wa ní Òkèhò àti jákèjádò Òkè-Ògùn lè má tíì gbọ́ ọ rí. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ ní ṣókí, kí a sì yẹ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ wò fún ìjọ, fún òbí àti fún ìjọba.

Ọdún 1905 ni a bí i. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀, ó sì kọ́ni ní St. Andrew's College ní ìlú Ọ̀yọ́. Èkó ni ọmọ náà ti lọ sí CMS Grammar School àti King's College. Ní Kátídírà Kristi tí ó wà ní Marina, ó bọ́ sí ọwọ́ olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, ẹni tí ó kọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì darí ẹgbẹ́ akọrin Kátídírà láti ọdún 1914 títí di 1962. Níbẹ̀ ni Ṣówándé ti kọrin ní kékeré, tí ó sì kọ́ bí a ti ń tẹ dùùrù. Ìjọ ni ilé ẹ̀kọ́ orin rẹ̀ àkọ́kọ́.

Nígbà tí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ọdún 1935, iṣẹ́ ẹnjiníà ni ó ní lọ́kàn láti kọ́. Dùùrù tí ó ń tẹ̀ ní ilé ijó ni ó fi ń bọ́ ara rẹ̀, ó tilẹ̀ bá Fats Waller, gbajúgbajà ará Amẹ́ríkà, tẹ dùùrù pọ̀. Kò pẹ́ tí ó fi gbà pé orin gan-an ni ìpè rẹ̀. Ní ọdún 1943, ó di Fellow ní Royal College of Organists. Ó gba oyè nínú ẹ̀kọ́ orin ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú. Láti 1945 sí 1952, òun ni atẹdùùrù fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall. Ó kọ African Suite ní 1944, ó sì fi ohùn orin ilẹ̀ wa ṣe iṣẹ́ fún dùùrù ńlá, irú bí Ká Múra, Ọbańgíjì àti Jésù Olùgbàlà.

Ní ọdún 1953 ó padà wálé, ó di olórí ẹ̀ka orin ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba Nàìjíríà. Owó ìlú ni a fi ń san owó oṣù rẹ̀, ìlú náà sì jẹ èrè rẹ̀. Ó ń wá orin àti ìtàn àtẹnudẹ́nu kiri, ó ń gbé wọn sáfẹ́fẹ́ kí wọn má baà parun. Ó jókòó ti àwọn babaláwo pàápàá láti gbọ́ ohun tí wọ́n mọ̀, ohun tí ó lè kọ àwọn onígbàgbọ́ mìíràn lóminú. Síbẹ̀, bí kò bá sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn àgbà mọ̀ ì bá ti bá wọn wọ ibojì. Nígbà òmìnira ní 1960, ó kọ Nigerian Folk Symphony. Lẹ́yìn náà, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ní 1968 ó kọjá sí Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà sí Pittsburgh àti Kent State. Ìpínlẹ̀ Ohio ni ó kú sí ní oṣù kẹta ọdún 1987. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ni ó fi ọdún ìkẹyìn rẹ̀ kọ́.

Bí a bá ka ìwé Nehemáyà, a ó rí i pé ọba pàṣẹ ohun jíjẹ ojoojúmọ́ fún àwọn akọrin. Nígbà tí a kò fún wọn ní ìpín wọn mọ́, kíákíá ni olúkúlùkù sá lọ sí oko rẹ̀, ilé Ọlọ́run sì di ahoro. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nehemáyà kò bá àwọn akọrin wí. Àwọn ìjòyè tí kò bọ́ wọn ni ó bá wí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ara wa. Orin àti iṣẹ́ ọnà wà nínú ètò ẹ̀kọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ètò inú ìwé kò lè kọ́ ọmọ bí kò sí olùkọ́ tí a ń sanwó fún. Ìjọ a máa dá owó ra dùùrù olówó iyebíye, kí a tó rántí pé kò sí ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ní bí a ti ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà tí ó mọ sọfà kà ń dínkù. Ìdílé Àyàn ń fi ìlù lé ọmọ lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n a kò lè di gbogbo ẹrù náà lé wọn lórí.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ìjọba gba olùkọ́ orin sí ilé ẹ̀kọ́ wa, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ya owó sọ́tọ̀ fún ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ, kí òbí má sì pe orin ní iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ọmọ tí yóò ṣe bí Ṣówándé lè wà ní Òkèhò lónìí. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn láti tọ́jú rẹ̀ kí ó tó sá lọ sí oko. Àmín.