Jake DeRosier, Ọmọ Àjèjì Tó Fi Alùpùpù Gbayì

Ìtàn ọkùnrin kan tó gbé ìlú onílùú títí tó fi di ẹni àpọ́nlé la mú wá lónìí. Jake DeRosier lorúkọ rẹ̀.

Ọdún 1880 ni wọ́n bí i ní Quebec, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Ọmọdé ni nígbà táwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Fall River, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts l'Amẹ́ríkà. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ń sáré ìje. Nígbà tí alùpùpù dé, ó bọ́ sórí ẹ̀. Lọ́dún 1908, George Hendee, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ alùpùpù Indian sílẹ̀ ní Springfield, fún un ní alùpùpù gùn, bó ṣe di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nìyẹn.

Ẹ má rò pé orí títì ni wọ́n ti ń sáré o. Pákó ni wọ́n kàn pọ̀ yíká bí abọ́, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dagun sókè. Jack Prince, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú pápá bẹ́ẹ̀. Alùpùpù tí wọ́n ń gùn níbẹ̀ kò ní bíréèkì. Ọ́ìlì a máa ta sójú pákó, á wá máa yọ̀. Ẹni tó bá ṣubú, ẹ̀rún igi a máa gún un lára.

Lọ́dún 1911, DeRosier lọ sáré ní erékùṣù Isle of Man. Àwọn tó gun Indian ló gba ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta, àmọ́ wọ́n yọ orúkọ tirẹ̀ kúrò nítorí pé ó rú òfin ìje. Inú oṣù Keje ọdún náà ló gbẹ̀san ní Brooklands, nítòsí London. Òun àti Charlie Collier tó ń gun Matchless sáré lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì borí nínú méjì.

Nígbà tó yá, òun àti Indian pínyà, ó bá lọ sọ́dọ̀ Excelsior ní Chicago. Nínú oṣù Kẹta ọdún 1912, ní Los Angeles, òun àti Charles Balke kọlu ara wọn lórí eré, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un títí, ṣùgbọ́n ó kú ní Springfield lọ́jọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1913. Kò tíì pé ọmọ ọdún 34.

Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, bí òkú ṣe ń kọjá níwájú ilé-iṣẹ́ Indian tó ti fi sílẹ̀, Hendee ní kí wọ́n fa àsíá wálẹ̀ dé ìdajì, káwọn òṣìṣẹ́ sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìjà tó wà láàárín wọn ò pa iṣẹ́ rere rẹ̀ rẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tẹ́ ẹ ń gun ọ̀kadà, ẹni tí wọ́n ń sanwó fún pé kó sáré gan-an, eré ló pa á. Ẹ dé akoto yín, ẹ jìnnà sí eré àsápajúdé. Ẹ̀mí gígùn ní í sanyà.